Pádì wà nínú báàgì mi, kọ́kọ́rọ́ ni ò sí lọ́wọ́ mi

Ọmọ ọdún 13 ni mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù ní kíláàsì. Ẹ̀rù ò bà mí. Màmá mi ti là mí lọ́yẹ̀, pádì méjì sì wà nínú báàgì mi. Ibi tí màá ti lò ó ni mi ò rí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo tó ní ilẹ̀kùn, títì ni wọ́n ń tì í pa, wọ́n ní a máa ń dọ̀tí rẹ̀. Ọwọ́ tíṣà ọkùnrin kan ni kọ́kọ́rọ́ wà. Kí n lọ dúró níwájú rẹ̀, kó máa bi mí ní ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe lójú gbogbo kíláàsì? Ó tán! Mo so súwẹ́tà mọ́dìí, mo jókòó títí wọ́n fi jáde tán.

Lóṣù kejì, pádì kan ṣoṣo ni mo lò láti àárọ̀ kùtù títí mo fi délé, èyí tó yẹ kéèyàn pààrọ̀ láàárín wákàtí 4 sí 6. Itan mi bó. Láti ìgbà náà, ọjọ́ méjì lóṣù ni mo fi ń parọ́ pé inú ń run mí. (Nígbà mìíràn, kì í ṣe irọ́.) Láàárín oṣù 9 tí a fi ń kàwé lọ́dún, ọjọ́ 18 nìyẹn. Tíṣà ìṣirò ní ọ̀lẹ ni mí.

Kẹ́ńyà ṣe òfin ní 2017 pé kí ìjọba máa fún àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé ìjọba ní pádì lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin náà tilẹ̀ rántí bí wọ́n á ṣe kó èyí tí wọ́n ti lò dànù. Nígbà tí mo kà á, inú mi dùn, àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé: ilẹ̀kùn ńkọ́?

*

Ìwọ tó sọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tìrẹ tilẹ̀ ní ilẹ̀kùn. Nílé ìwé tiwa, ọ̀rẹ́ ẹni ló máa dúró ṣọ́ni. Kò sí omi, kò sí ibi tí a ó ju pádì tí a ti lò sí. Inú ọ̀rá ni mo ń di tèmi sí, tí màá gbé e padà sílé láàárín ìwé. Mo máa ń rò pé gbogbo èèyàn ló ń gbóòórùn rẹ̀.

*

Ẹ má bínú, tíṣà ọkùnrin ni mí. Irú kọ́kọ́rọ́ yẹn wà lọ́wọ́ mi fún ọdún 3. Ọmọbìnrin kan ò wá gbà á rí, mo sì gbà pé wọn ò nílò rẹ̀ ni. Tíṣà obìnrin kan ló gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi í kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíláàsì. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo wo ìṣó yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni kọ́kọ́rọ́ ò sí lórí rẹ̀.