Ẹ jẹ́ kí ábídí dúró

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí á pa "ábídí" tì, kí á máa lo "àtòjọ lẹ́tà". Ìdí tí wọ́n fún wa ni pé ABC àwọn Gẹ̀ẹ́sì la sọ di ábídí, àti pé lẹ́tà òyìnbó ni gbogbo rẹ̀. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ pé mi ò gbà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà: A, B, D. Kò sí C níbẹ̀, torí pé C kò sí nínú lẹ́tà 25 tí à ń kọ. Báwo ni ohun tó fo C ṣe jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì? "Lẹ́tà" gan-an ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ni wọ́n sì fẹ́ fi rọ́pò ábídí!

Ibi tí lẹ́tà wọ̀nyí ti ṣẹ̀ jìnnà sí London. Ní nǹkan bí 3,800 ọdún sẹ́yìn, àwọn tó ń sọ èdè Sẹ́mítíìkì (ẹbí èdè Lárúbáwá àti Hébérù) rí àwòrán tí àwọn ará Íjíbítì fi ń kọ̀wé. A rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ní Serabit el-Khadim ní Sínáì, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta iyebíye. Wọ́n ya nǹkan, wọ́n wá fi àwòrán náà dúró fún ìró tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, bí ìgbà tí àwa bá ya ilé tí a ní kó máa jẹ́ "i". Orí màlúù ni A. Àwọn Fòníṣíà, ará ilẹ̀ Lẹ́bánónì láyé àtijọ́, pè é ní "alef", wọ́n pe ilé ní "bet". Àwọn Gíríìkì gbà á, ó di álífà àti bẹ́tà.

Kò sẹ́ni tó gbà á tí kò tún un ṣe. Èdè Gíríìkì kò ní àwọn ìró ọ̀nà ọ̀fun kan tí Fòníṣíà ní, ni wọ́n bá sọ àwọn lẹ́tà tó ṣẹ́kù di fáwẹ̀lì: "ayin", tó túmọ̀ sí ojú, di O. Àwọn ará Róòmù fi ìlà kékeré kún C, ó di G.

Ohun tí àwa náà ṣe nìyẹn. Àríyànjiyàn pọ̀ láàárín Ajayi Crowther àti àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ìpàdé Èkó ti 1875 tó fìdí àkọtọ́, ìyẹn ìlànà bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀, múlẹ̀. Yorùbá ò ní ìró P ti Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bá fi P kọ ìró tí wọ́n ń kọ ní "kp" ní Orílẹ̀-èdè Benin lónìí. P inú "pátápátá" kì í ṣe ti òyìnbó mọ́.

Ohun tó yẹ kí á là yékéyéké ni ìyàtọ̀ ábídí àti àkọtọ́. Àmì ohùn kò sí nínú ábídí, ti àkọtọ́ ni. Ṣùgbọ́n àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ kì í ṣe ọ̀ṣọ́: lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tó bá ń tẹ̀wé láìfi í sí i, lẹ́tà mẹ́ta ló ń yọ dànù nínú ábídí wa.