Ẹ̀kúyá ló yẹ kó jẹ́ olórí ẹbí yìí, kì í ṣe aláǹtakùn

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń to ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ewéko jọ dábàá pé kí a máa pe Cleomaceae, ẹbí ewéko tí ẹ̀fọ́ ẹ̀kúyá wà nínú rẹ̀, ní "ẹbí òdòdó aláǹtakùn", kí a sì máa pe bí àbùdá wọn (jíìnì, ohun tí ewéko ń jogún lára òbí rẹ̀) ṣe di púpọ̀ ní "ìbejì àbùdá". Mo kí wọn kú làálàá, àmọ́ n kò lè fara mọ́ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀. Aláǹtakùn tí Òyìnbó rí, tí wọ́n fi pè é ní "spider flower", kò ju àwọn okùn gígùn tó yọ síta lára òdòdó náà, tó ń ru lẹ́búlẹ́bú rẹ̀. Tarenaya hassleriana ni wọ́n ń wò, èyí tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń gbìn sí ọgbà fún ẹwà. Nígbà tí Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, sọ irú ti Áfíríkà àti Éṣíà, ẹ̀kúyá wa, ní "gynandra" ní 1753, obìnrin-òun-ọkùnrin ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì yẹn ń wí, nítorí pé orí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà ni akọ àti abo òdòdó náà jọ dúró sí. Àwọn ìyá wa ní tiwọn, ewé ni wọ́n mú lójú: ewé tó pín sí mẹ́ta tàbí márùn-ún bí ìka ọwọ́, tó korò díẹ̀, tí òórùn rẹ̀ kò jọ ti ẹ̀fọ́ mìíràn. Wọ́n pè é ní ẹ̀kúyá, wọ́n sì sè é jẹ. Fọn ní Benin ń pè é ní akaya, àwọn Gusii ní Kẹ́ńyà ní chinsaga, Swahili ní mgagani. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó dárúkọ aláǹtakùn. Kí ló wá kan àwa tí a ó fi lọ yá a?

Ẹnìkan béèrè pé tí ẹ̀kúyá bá jẹ́ orúkọ ẹ̀fọ́ kan ṣoṣo, báwo ni yóò ṣe tún jẹ́ orúkọ ẹbí tó lé ní igba irú? Ọ̀nà kan náà tí Cleome, orúkọ ẹ̀yà kan nínú ẹbí náà, fi di Cleomaceae ni. Ẹni kan nínú ẹbí ló ń fún gbogbo ilé lórúkọ. Tarenaya ti ọgbà yóò jẹ́ "ẹ̀kúyá ọgbà", ẹ̀fọ́ wa yóò máa jẹ́ ẹ̀kúyá lásán bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "ìbejì" ló jẹ mí lógún jù. Ìbejì dùn létí Yorùbá, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn méjì ni Táyé àti Kẹ́hìndé, olúkúlùkù pẹ̀lú ara tirẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí yìí ni pé odindi àbùdá ewéko kan di ẹ̀dà méjì nínú ara kan náà. Ìwádìí tó jáde ní 2023 lórí àpapọ̀ àbùdá ẹ̀kúyá fi hàn pé baba ńlá kan náà tí ẹ̀kúyá àti ti ọgbà jọ ní ni èyí ti ṣẹlẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà, ìdì àbùdá kẹta tún wọlé sára ti ọgbà, kò sì wọ ara ẹ̀kúyá. Bí a bá ń pè é ní ìbejì, kí ni a ó pe ìdì kẹta yìí? Kì í ṣe ìbẹta, torí wọn kò jọ dé. Ẹni tó bá fẹ́ràn àfiwé yẹn yóò sọ pé Ìdòwú ni, ó sì bá a mu dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń fẹ́ orúkọ tuntun ní gbogbo ìgbà tí iye bá yí padà kò lè ṣiṣẹ́ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì.

"Ìlọ́po àbùdá" ni mo dábàá. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti mọ ìlọ́po nínú ìṣirò. Ìlọ́po méjì fún ẹ̀kúyá, ìlọ́po mẹ́ta fún ẹ̀kúyá ọgbà, ó tán. Kò sì sọ pé kúrómósómù (okùn inú sẹ́ẹ̀lì tí àbùdá wà lórí rẹ̀) gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i, torí oríṣi 17 ni ẹ̀kúyá ní, ti ọgbà tó gba ìdì kẹta kò ní ju 10 lọ.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní rèé. Bí ẹ̀kúyá ṣe ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ jọ ti àgbàdo àti ìrèké, bẹ́ẹ̀ ẹbí kábéèjì ni ẹbí rẹ̀ sún mọ́ jù nínú ìbátan. Sẹ́ẹ̀lì kan nínú ewé yóò mú kábọ̀n inú afẹ́fẹ́, yóò sọ ọ́ di ásíìdì oníkábọ̀n mẹ́rin, yóò gbé e fún sẹ́ẹ̀lì tó yí iṣan ewé ká, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tú u sílẹ̀ láti fi ṣe ṣúgà. Ó ń ran ewé lọ́wọ́ nínú ooru àti ọ̀dá. Ti ọgbà kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ìwádìí 2023 yẹn rí i pé ẹ̀dà àwọn àbùdá tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣẹ́ kù sára ẹ̀kúyá ju ti ọgbà lọ. Ẹ fi "ìbejì" kọ gbólóhùn yẹn wò, ẹ ó rí bí yóò ṣe lọ́ pọ̀. "Ìlànà kábọ̀n mẹ́rin" ni kí a máa pe ètò náà fúnra rẹ̀.

Láti 2018 ni àwọn olùwádìí ní yunifásítì Abomey-Calavi ní Benin àti Wageningen ní Netherlands ti tẹ ìlànà jáde lórí bí a ṣe lè mú irú ẹ̀kúyá tó dára jáde. Irúgbìn láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Ìlà-Oòrùn àti Éṣíà kò rí bákan náà, olúkúlùkù ń fi ibi tó ti wá hàn. Ẹ̀yin tó wà ní Kétu, Ṣakí àti Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ yín léèrè bóyá wọ́n ní orúkọ fún ẹ̀kúyá tí igi rẹ̀ pupa àti èyí tí igi rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, kí a fi wọ́n sínú àtòjọ kí ó tó lọ sọ́wọ́ òǹtẹ̀wé.