Pótásíọ̀mù màmá mi ti lọ sílẹ̀ jù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, pàápàá ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà tó wà ní ìhà Kábà àti Ìsánlú. Ọkàn màmá mi kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé bí a bá fi ìka tẹ ọrùn ẹsẹ̀, ojú ibẹ̀ á jìn, kò ní í tètè kún. Wọ́n fún un ní furosemide (oògùn tó ń mú kí omi ara bá ìtọ̀ jáde) àti digoxin (oògùn tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti lù dáadáa). Ẹsẹ̀ tó wú ti ń wálẹ̀, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ wá ń lù ségesège. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní pótásíọ̀mù rẹ̀, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn nílò láti lù déédéé, jẹ́ 2.9, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó tó 3.5 ó kéré tán.

Furosemide máa ń kó pótásíọ̀mù àti magnésíọ̀mù (èròjà ara mìíràn) bá ìtọ̀ lọ. Bí pótásíọ̀mù bá sì ti wálẹ̀, digoxin lè di májèlé fún ọkàn. Ohun tó ń já mi láyà gan-an nìyẹn. Dókítà ti fi oògùn pótásíọ̀mù kún un, ṣùgbọ́n wọn ò yẹ magnésíọ̀mù wò, bẹ́ẹ̀ bí ìyẹn bá kéré, pótásíọ̀mù kì í fẹ́ gòkè.

Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n ti ń yẹ magnésíọ̀mù wò nítòsí, kí n má baà gbé arúgbó dé Ìlọrin? Ṣé ẹnikẹ́ni wà tí wọ́n fi spironolactone (oògùn ìtọ̀ tí kì í jẹ́ kí pótásíọ̀mù bá ìtọ̀ lọ) kún oògùn èèyàn rẹ̀? Àwọn àbúrò mi tún ń fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti omi àgbọn lójoojúmọ́, nítorí pótásíọ̀mù inú wọn. Ṣé kò ní í pọ̀ jù báyìí? Pótásíọ̀mù tó pọ̀ jù náà lè dá ọkàn dúró.