Utila tàbí Bonaire: èwo ni kí a lọ fún ìwẹ̀ abẹ́ òkun?

Ẹ̀yin tí ẹ ti máa ń wẹ̀ lábẹ́ òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn. Houston ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. A ti gba ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́, èyí tó gbà wá láyè dé mítà 18. A fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan ní Kàríbíánì lóṣù kẹsàn-án, ṣùgbọ́n owó wa kò pọ̀.

Utila ní Honduras ló kọ́kọ́ wù mí. Owó ìwẹ̀ ibẹ̀ kì í gani lára, whale shark, ẹja tó tóbi jù láyé, sì máa ń yọjú níbẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé oṣù kẹsàn-án bọ́ sí àárín àsìkò ìjì líle.

Ìjì kì í sábà ya Bonaire, erékùṣù kan nítòsí Venezuela. Ohun tó tún dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń wọ òkun láti etíkun. Òkúta tí wọ́n kùn ní àwọ̀ òféèfèé ló ń júwe ibi ìwẹ̀, kò sí owó ọkọ̀ ojú omi. Àmọ́ ilé àti oúnjẹ wọ́n níbẹ̀, a ó sì háyà mọ́tò. Ṣé ohun tí a bá rí ṣẹ́kù lórí ọkọ̀ ojú omi lè dí èyí?

Cozumel, erékùṣù kan ní Mexico, ńkọ́? Ìṣàn omi rẹ̀ le, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba ìyàwó mi gan-an, n kò sì ní fi dandan mú un.

Ẹni tó bá ti lọ sí Utila àti Bonaire, ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ ná lápapọ̀?