Ibo ni omi gbà wọlé? Ìrírí lórí owó ínṣọ́ránsì ilé lẹ́yìn ìjì, Texas àti Florida

Láti Houston

Ẹ̀yin ará, kí a tó dé orí iye owó rárá, ìbéèrè kan ló ń pín ilé tó gbowó àti ilé tó pàdánù níyà: ibo ni omi gbà wọlé? Bí ìjì bá ṣí òrùlé tàbí tó fọ́ fèrèsé, tí òjò wá gba ojú ihò yẹn wọlé, ínṣọ́ránsì ilé ni ó kàn. Bí omi bá ti ilẹ̀ wá, ìbáà ṣe láti odò, láti òkun tàbí láti gọ́tà àdúgbò, ìwé ínṣọ́ránsì ilé lásán kì í san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ìwé ọ̀tọ̀ ni tìyẹn. Èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣètò, NFIP, lè san tó 250,000 dọ́là lórí ilé gbígbé àti 100,000 lórí ẹrù inú rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ó di ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá rà á kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n bá ti ń fi ìjì hàn lórí òkun, ó ti bọ́. Nígbà ìjì Harvey ní 2017, ọ̀pọ̀ ilé tí omi wọ̀ níbí ni kò ní ìwé yìí.

Ọ̀rọ̀ ẹnu tún ń ba nǹkan jẹ́. Lédè tiwa, omi yòówù tó bá ti ya wọlé, omíyalé ni. Tí ẹ bá wá tú u sí Gẹ̀ẹ́sì lórí fóònù pé "flood", tó jẹ́ omi ilẹ̀ lójú ínṣọ́ránsì, ẹni tó gbé fóònù ti kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì jà títí kí ẹ tó yí i padà. Ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an: atẹ́gùn ká shingle, ìyẹn ohun tí wọ́n fi bo òrùlé, kúrò lórí yàrá, òjò gba ibẹ̀ wọlé. Tó bá jẹ́ pé omi ilẹ̀ ni lóòótọ́, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má parọ́, nítorí ògiri máa ń sọ tiẹ̀. Omi tó wá láti òkè máa ń fa ìlà wálẹ̀ lára ògiri, kò sí èyí tó bá ìkejì dọ́gba. Omi tó wá láti ilẹ̀ máa ń fi ìlà kan ṣoṣo yí gbogbo yàrá po, bí ìgbà tí wọ́n fi rúlà fà á. Tí méjèèjì bá ṣẹlẹ̀ pọ̀, ẹ fi téépù wọn gíga ìlà ìsàlẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú téépù lára ògiri, kí ẹ sì ya ti òkè lọ́tọ̀.

Fọ́tò mẹ́ta ló yẹ kó so pọ̀ fún ihò kọ̀ọ̀kan: ti ìta, ti inú àjà, àti ti àbàwọ́n tó wà lójú síìlì lábẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Adjuster, ìyẹn ẹni tí iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì bá rán wá wo ohun tó bàjẹ́, máa tanná sínú àjà yẹn. Tó bá rí i pé àwọn ìṣó tó yọ lábẹ́ pákó ti dípẹtà, tí pákó ti dúdú, tí àbàwọ́n síìlì sì ní òrùka lórí òrùka, yóò kọ ọ́ pé ó ti ń jò tipẹ́. Jíjò àtijọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ìjì. Fídíò ilé tí ẹ bá ti ṣe kí ìjì tó dé, pàápàá ti òrùlé àti síìlì, ló lè fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn fọ́tò, ẹ bo ihò, ẹ má dúró de adjuster. Ìwé àdéhùn fúnra rẹ̀ ló ní kí onílé má jẹ́ kó bàjẹ́ sí i. Tapólì gbọ́dọ̀ gorí góńgó òrùlé kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, torí bí etí rẹ̀ bá wà lábẹ́ góńgó, omi máa gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ẹ ká etí rẹ̀ mọ́ pákó, pákó yẹn ni kí ẹ kàn ní ìṣó. Ìṣó tí ẹ bá gún láàárín tapólì, ihò tuntun nìyẹn. Nínú ilé, kápẹ́ẹ̀tì àti drywall (pátákó tí wọ́n fi ṣe ògiri inú ilé) tó rin gbọ́dọ̀ jáde kíákíá, láàárín wákàtí 24 sí 48 ni ògiri ń bẹ̀rẹ̀ sí í bu, ọ̀pọ̀ ìwé sì ní iye tí wọn kì í kọjá lórí mold, ìyẹn bíbu yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gé kápẹ́ẹ̀tì ní ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú àti lóòró, kí ẹ fi pamọ́ pẹ̀lú shingle díẹ̀ àti gbogbo rìsíìtì.

Láti Florida

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi ti owó kún un, torí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń bínú. Níbí, deductible, ìyẹn iye tí onílé máa fúnra rẹ̀ gbé kí ínṣọ́ránsì tó san ìyókù, ti hurricane (ìjì ńlá láti òkun) yàtọ̀ sí ti ọjọ́ gbogbo. Ìdá 2, 5 tàbí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni, ẹlòmíràn sì lè mú 500 dọ́là. Iye tí wọ́n kọ sínú ìwé ínṣọ́ránsì fún ilé ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lé, kì í ṣe iye ohun tó bàjẹ́. Ilé 400,000 dọ́là ní ìdá 2, 8,000 ni onílé máa gbé. Tí gbogbo ohun tó bàjẹ́ bá jẹ́ 7,500, wọn ò ní san nǹkan kan.

Sọ̀wédowó àkọ́kọ́ tún máa ń kéré, ó sì ń já èèyàn láyà. Ká ní òrùlé jẹ́ 18,000, tí wọ́n sì yọ 7,000 fún ogbó rẹ̀. Ẹ yọ 8,000 ti deductible, 3,000 ló máa kọ́kọ́ wá. Tí ìwé yín bá jẹ́ èyí tó ń san owó nǹkan tuntun, 7,000 yẹn ṣì ń bọ̀ bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ tí ẹ sì ń fi ìwé owó agbaṣẹ́ṣe ránṣẹ́. Ẹni tó gba 3,000 tó sì dákẹ́ ti fi 7,000 sílẹ̀. Tí orúkọ báńkì tó yá yín lówó ilé bá wà lórí sọ̀wédowó, ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ náà. Wọ́n lè máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé ọdún méjì ni àyè tó wà láti béèrè owó. Òfin Oṣù Kejìlá 2022 ti sọ ọ́ di ọdún kan láti ọjọ́ ìjàǹbá, àti oṣù 18 fún àfikún lórí claim, ìyẹn ìbéèrè owó, tó ti wà nílẹ̀. Iléeṣẹ́ náà ní ọjọ́ tiwọn: ọjọ́ méje láti fèsì pé àwọn rí ìwé yín, ọgọ́ta ọjọ́ láti san tàbí kọ̀. Ẹ kọ déètì gbogbo ìpè àti orúkọ ẹni tó gbé e sínú ìwé kan ṣoṣo.

Ẹlòmíràn, Houston

Agbaṣẹ́ṣe tó bá kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kejì ìjì pé òun á bá yín fojú fo deductible, ẹ má gbà fún un. Láti Oṣù Kẹsàn-án 2019, ó lòdì sí òfin Texas. Public adjuster tí ẹ bá fúnra yín gbà níbí ò gbọ́dọ̀ gbà ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá wá lọ.

Ẹnìkan béèrè bóyá ínṣọ́ránsì ń sanwó igi tí ìjì bá wó: tó bá wó lu ilé tàbí gáréèjì, wọ́n máa ń san àtúnṣe, wọ́n sì ń fi owó díẹ̀ kún un láti gé e kó o, lọ́pọ̀ ìwé 500 dọ́là lórí igi kan. Tó bá kàn sùn sórí koríko tí kò ba nǹkan jẹ́, ẹ̀yin lẹ máa sanwó ẹni tó máa gé e.