Ìrẹsì tó ń já bọ́ kí dòjé tó débẹ̀: ẹ sọ èyí tójú yín rí

Àgbẹ̀ Ìgbẹ́mọ
Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ta ló ti bá ìrẹsì tí kò gbìn pàdé láàárín èyí tó gbìn? Àkùrọ̀ ni mo ń dá lẹ́bàá Ìgbẹ́mọ níbí, FARO 44, irú ìrẹsì kan tí wọ́n ń tà fún àgbẹ̀, ni mo sì fọ́n. Nígbà tó ṣì kéré, kò sẹ́ni tó lè dá a mọ̀. Koríko tó máa ń fara jọ ìrẹsì, tí ẹ bá wo ibi tí ewé ti ya lára igi rẹ̀, kò ní awọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìrẹsì máa ń ní níbẹ̀. Èyí ní in, torí ìrẹsì lòun náà. Ìgbà tó yọ ṣírí ni àṣírí tú. Ó ga ju àwọn yòókù lọ, ó yọ ṣírí ṣáájú wọn, irùngbọ̀n gígùn sì wà lórí hóró rẹ̀. Mo kàn fọwọ́ ra ṣírí kan lásán, hóró bẹ̀rẹ̀ sí í dà sí mi lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ omi funfun ló ṣì wà nínú hóró FARO. Mo bó èèpo rẹ̀, inú pupa bí osùn.

Mo lọ ra propanil, oògùn apakoríko kan. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ní ó ń pa koríko, ó sì ń dá ìrẹsì sí. Òótọ́ ló sọ. Ó dá òun náà sí.

Nígbà tí mo délé, mo da ìyókù irúgbìn tí mo rà sórí àtẹ, mo ń bó o lẹ́yọ lẹ́yọ. Àwọn pupa wà níbẹ̀, wọ́n fara pamọ́ sáàárín funfun. Inú àpò irúgbìn ni wọ́n ti bá mi wọ oko.

Ìyá Ọlọ́fàdà
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má fi pupa nìkan dá a lẹ́jọ́. Lọ́dọ̀ wa ní Mokoloki, ìrẹsì pupa là ń tà tá a fi ń rán ọmọ níléèwé. Ẹni tó ń ta funfun ni pupa ń ba ọjà rẹ̀ jẹ́: ẹlẹ́rọ á máa ha á ṣáá kí pupa lè kúrò, hóró á sì máa kán wẹ́wẹ́. Ní tiwa, èyí tá ò fẹ́ ni èyí tó ń dà sílẹ̀ kó tó gbó. Ẹ̀yin lẹ ṣiṣẹ́, ilẹ̀ ló kórè.

Ìyá mi kì í bu irúgbìn látinú òkìtì tí wọ́n ti pa. Kí wọ́n tó gé oko ló ti máa ń wọ àárín rẹ̀, á máa ṣa ṣírí tó dọ́gba, tó gbó dáadáa, tí hóró rẹ̀ ò já tó bá gbọ̀n ọ́n. Á dì í, á so ó kọ́ sókè ààrò. Bí mo ṣe ń ṣe é títí dòní nìyẹn. Àwọn ọmọ mi ní wàhálà mi pọ̀, àmọ́ wọn ò kọ owó rẹ̀.

Ará Làfíàgí
Ẹ kú ọ̀rọ̀. Odò Ọya ò jìnnà sí wa, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa bá àwọn onírẹsì rìn lóko wọn. Hóró tó já bọ́ yẹn, kì í hù pa pọ̀. Òmíràn á sùn sínú ilẹ̀ fún ọdún mélòó kan, pàápàá tí katakata bá bò ó mọ́lẹ̀ jìn. Ìdí nìyí tí mo fi ń bá àwọn èèyàn jà pé kí wọ́n má tulẹ̀ gbàrà tí wọ́n bá kórè tán. Ẹ fi í sílẹ̀ lókè ilẹ̀. Ẹ̀gà tẹ́ ẹ ti ń lé látọjọ́ yìí, ẹ jẹ́ kó wá jẹun, kí eku náà jẹ tirẹ̀. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, àwọn tó kù á hù. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ pa wọ́n, yálà kẹ́ ẹ tún ilẹ̀ tu fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí kẹ́ ẹ fín glyphosate, oògùn apakoríko tí kì í dá ìrẹsì sí, sí i, torí ìrẹsì yín ò tíì sí nílẹ̀ tí yóò bá wọn kú. Ẹni tó ní sùúrù á jẹ́ kí wọ́n hù lẹ́ẹ̀kejì, á tún pa wọ́n. Ọ̀pọ̀ ò ní in. Òjò kì í dúró de èèyàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ yé fọ́n irúgbìn. Ẹ gbìn ín síbì kan kó hù, ẹ tu ọmọ rẹ̀, ẹ fi okùn gbìn ín ní ìlà, kí omi bíi 5 sẹ̀ńtímítà dúró sí i. Hóró tó wà lábẹ́ omi kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà hù. Èyí tó bá wá hù sáàárín ìlà méjì, ẹ má wá ẹ̀rí mìíràn, ẹ fà á tu.

Àwa etí odò tún ní ọ̀kan tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oryza longistaminata làwọn onímọ̀ ń pè é, ìrẹsì ìgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà ni. Abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà rìn. Katakata á gé e wẹ́wẹ́, olóko á rò pé ó ti parí, àfi kí wẹ́wẹ́ yẹn máa hù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ bá a jà: ẹ tu ilẹ̀, kí gbòǹgbò rẹ̀ hàn síta, kí oòrùn gbẹ ẹ́ pátápátá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Arkansas
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ilé iṣẹ́ tó ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àgbẹ̀ ni mo wà níbí, ìpínlẹ̀ tó ń gbin ìrẹsì jù ní Amẹ́ríkà. Wàhálà yìí ò yọ wọ́n sílẹ̀. Ní 2002 ni Clearfield dé ọwọ́ àgbẹ̀, ìrẹsì tí oògùn imazethapyr kì í pa, tó sì jẹ́ pé oògùn náà ń pa ìrẹsì pupa. Inú wọn dùn. Àmọ́ mọ̀lẹ́bí ni ìrẹsì méjèèjì, lẹ́búlẹ́bú òdòdó ọ̀kan lè bọ́ sára èkejì, kí ọmọ wọn sì jogún agbára tí oògùn ò fi ń pa á. Kì í sábà tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n oko ibí lọ salalu. Kò pẹ́ tí ìrẹsì pupa tí oògùn ò pa mọ́ fi kún oko. Ní 2018 wọ́n tún gbé ìrẹsì mìíràn tó ń jẹ́ Provisia dé, oògùn tí kì í pa tiẹ̀ yàtọ̀. Àgbẹ̀ kan tí mo bi léèrè nípa rẹ̀ kàn rẹ́rìn-ín ni. Ó ní sóyà lòun máa gbìn síbẹ̀ ná, torí tó bá jẹ́ sóyà ló wà nílẹ̀, oògùn tó ń pa gbogbo ohun tó bá jọ ìrẹsì ò ní bà á lẹ́rù láti fín.

Àgbẹ̀ Ìgbẹ́mọ
Ẹ ṣé gan-an. Àkùrọ̀ tèmi ò gba sóyà, ewédú ni màá fi kún ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Ìyá Ọlọ́fàdà, ẹ ò ní ta díẹ̀ fún mi lára ìdì tó wà lókè ààrò yẹn?

Ìyá Ọlọ́fàdà
Òkè ilẹ̀ ni tèmi ń gbé, kò fẹ́ràn omi àkùrọ̀ yín. Ẹ ṣa ti FARO yín fúnra yín. Ṣé ẹ ò tíì gé gbogbo rẹ̀ tán?