Fíìmù ẹ̀rù wo ni kí n gbé kalẹ̀ fún àwọn ará ilé wa ní Sátidé?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Òkè-Fìà ni mò ń gbé níbí ní Òṣogbo, nínú ilé olójúlé mẹ́jọ. Láti ọdún tó kọjá la ti ń péjọ sí yàrá mi ní Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù láti wo fíìmù. Èmi ni mo máa ń yan èyí tí a óò wò, torí gbogbo ilé ló mọ̀ pé fíìmù tó ń dẹ́rù bani ni mo fẹ́ràn jù. Ìyá onílé wa náà máa ń wá. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, iwájú pátápátá ni àga wọn máa ń wà.

Oṣù tó kọjá ni mo ṣàṣìṣe. Àwọn ọ̀dọ́ ilé ń bẹ̀ mí pé àwọn fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀, ni mo bá gbé fíìmù kan tí wọ́n ti ń fi ayùn gé èèyàn kalẹ̀. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí Ìyá fi dìde. Wọn ò bínú, wọn ò sọ ju "ó dàárọ̀ o" lọ. Ìyàwó ojúlé kejì tẹ̀lé wọn. Àwa tó kù wò ó dópin, àmọ́ ẹ̀rù ò ba ẹnì kankan; ńṣe ló ń rí wa lára. Ó dùn mí gan-an, torí mo mọ̀ pé fíìmù ẹ̀rù tó dára kì í lé èèyàn dìde.

Lójú tèmi, ohun tí wọn ò tíì fi hàn wá ló ń dẹ́rù bani jù. Ẹ wo Psycho tí Alfred Hitchcock ṣe ní 1960. Níbi tí wọ́n ti gún obìnrin kan lọ́bẹ nínú balùwẹ̀, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ibi tí ọ̀bẹ kan ara rẹ̀. Orin fáólínì tí Bernard Herrmann kọ sí i ló ń gún wa. Ṣokoléètì olómi ni wọ́n sì fi ṣe ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lọ yẹn. Nígbà tí Steven Spielberg ń ṣe Jaws tó jáde ní 1975, ẹja apànìyàn tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ń bàjẹ́ ṣáá nínú omi òkun, ló bá di pé omi àti orin ló ń lò dípò ẹja. Ó lé ní wákàtí kan kí a tó rí ẹja náà dáadáa. Irú ẹja bẹ́ẹ̀ ò sí nínú odò Ọ̀ṣun, síbẹ̀ lẹ́yìn tí mo wò ó, ọjọ́ mélòó kan ni mi ò fi lè ti ẹsẹ̀ bọ omi odò.

Èyí tí mo kà sí burúkú ni èyí tí ilẹ̀kùn á gbá gbàà, tí ohùn á lọ sókè lójijì, tó sì jẹ́ pé ológbò ló jáde. Ìyẹn kàn ń ta èèyàn jí ni. Bákan náà ni àwọn tiwa kan tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ya mànàmáná sójú àjẹ́, tí àjẹ́ ọ̀hún á wá máa ka gbogbo ète rẹ̀ fún wa. Àjẹ́ tí a ti mọ gbogbo inú rẹ̀, kí ló kù tó fẹ́ fi bà wá lẹ́rù?

A Quiet Place, ti 2018, ló wà lọ́kàn mi báyìí. Àwọn ẹ̀dá abàmì inú rẹ̀ ò ríran, ìró ni wọ́n fi ń dọdẹ èèyàn. Bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ wá ń fi ọwọ́ bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń rìn láìwọ bàtà. Ṣé kí n gbé e kalẹ̀, àbí ẹ ní èyí tó dára jù ú lọ?

Oníṣẹ́ Sípíkà, Ìgbọ̀nà:
Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ fi tan tẹlifíṣọ̀n? Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn fèrèsé ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ìdákẹ́jẹ́ ni fíìmù yẹn fi ń mú èèyàn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wò ó, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké, mo sùn lọ. Nígbà tí mo tún un wò ní aago méjì òru lórí bátìrì sólà, mo ń gbọ́ bí mo ṣe ń gbé itọ́ mì. Ẹ yá bátìrì, kẹ́ ẹ sì so sípíkà gidi mọ́ ọn.

Ọmọ Ayétòrò:
Ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ ọn pé kí ẹ bu ẹnu àtẹ́ lu ẹ̀jẹ̀ tó báyẹn. Night of the Living Dead ti George Romero, 1968, òkú ń jẹ ẹran èèyàn níbẹ̀, síbẹ̀ mi ò rí fíìmù tó bà mí lẹ́rù tó o. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí Duane Jones ṣe bá òkú jà mọ́jú. Ilẹ̀ mọ́, àwọn tó yẹ kó gbà á là wá yìnbọn fún un, wọ́n rò pé òkú lòun náà. Ìyẹn ò kúrò lójú mi títí dòní. Ó sinmi lórí ohun tí wọ́n bá fi ẹ̀jẹ̀ náà sọ.

Ìyá Ìbejì, Alékúwodò:
Ṣé Ìyá onílé yín gbọ́ òyìnbó? Torí màmá tèmi ò gbọ́, tí a bá sì ń wo fíìmù òyìnbó, ariwo nìkan ni wọ́n ń bá lọ. Ó lè jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá nìyẹn: ẹ̀yin ń gbọ́ ìtàn, wọn ń rí ayùn nìkan.

Òótọ́ ni pé A Quiet Place ò lọ́rọ̀ púpọ̀ nínú. Àmọ́ ohun kan wà tí ẹ ò sọ. Níbẹ̀rẹ̀ gan-an ni ọmọ wọn tó kéré jù ti kú, lójú bàbá àti ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá ti sin ọmọ rí, fíìmù ti parí fún un níbẹ̀ yẹn. Ẹ kọ́kọ́ ro àwọn tí ẹ jọ ń gbé.

Bàbá Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ. Kí a tó máa wo tẹlifíṣọ̀n nílé wa la ti ń sá fún Ṣàngó Dúró Ládiípọ̀ níbí. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Mbárí Mbáyọ̀, ilé eré tí wọ́n ṣí ní 1962, a ti máa ń fún ara wa mọ́ ibẹ̀. Nígbà tí eré rẹ̀, Ọba Kò So, bá dé ibi tí Ṣàngó fẹ́ jáde, bàtá á kọ́kọ́ dún, a ò sì ní tíì rí ẹnì kankan. Bàtá yẹn ni mo máa ń di aṣọ ẹ̀gbọ́n mi mú fún. Tí iná bá wá yọ lẹ́nu Ṣàngó, tèmi ti parí. Nítorí náà, ohun tí o sọ nípa ẹja òyìnbó yẹn yé mi dáadáa.

Fún ìyá arúgbó, Tí Olúwa Ni Ilẹ̀ ti Túndé Kèlání, 1993. Wọ́n ta ilẹ̀ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tà, ikú wá ń mú àwọn tó tà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀tún Aṣíyanbí, tí Kàrímù Adépọ̀jù ṣe, ń sá kiri. Ìyá á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù á sì tún bà wọ́n, nítorí wọ́n mọ ohun tí ilẹ̀ jẹ́.

Ọmọ Òkè-Fìà (ẹni tó béèrè):
Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Mi ò mọ ìtàn bàtá yẹn tẹ́lẹ̀.

Ìyá Ìbejì, mo ní láti gbé fóònù sílẹ̀ nígbà tí mo ka tiyín. Ìyàwó ojúlé kejì tó dìde tẹ̀lé Ìyá sin ọmọ ọdún mẹ́ta ní èṣín. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wo A Quiet Place, ibi tí ọmọ yẹn ti kú ni mo sì máa ń yìn jù, pé ó fi han òǹwòran pé kò sẹ́ni tí kò lè kú. Kò wá sọ́kàn mi rí pé obìnrin yìí máa jókòó níwájú rẹ̀.

Mo lọ bá Ìyá onílé láàárọ̀ yìí, mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n nítorí tòṣù tó kọjá. Nígbà tí mo dárúkọ Tí Olúwa Ni Ilẹ̀, wọ́n kígbe "Aṣíyanbí!", wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní àwọn á bá mi sọ fún ojúlé kejì.

Arákùnrin Ìgbọ̀nà, ṣé ẹ lè yá mi ní bátìrì yẹn ní Sátidé? Ta ló sì ní ẹ̀dà tí ohùn rẹ̀ ṣì mọ́? Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ń kùn.